Orí Kẹrin: Ibòji Tó Ń Rìn Lórí Ilẹ̀ Ìbídùn

Gbádégẹṣin kò tíì wọ àgbàlá wa tán tí àwòdì irin tó ń tẹ̀ lé e fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wa láti òkè. "Àwẹ̀ró, arúgbó, ó wà nínú ilé. Ìbídùn, ọ̀dọ́, ó wà nínú ilé." Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Mo ń rán etí akẹtẹ̀ kan tó ti ń tú lọ́wọ́, n kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ Bándélé. Bá mi sọ fún ẹyẹ rẹ pé ilé mi nìyí. Mo mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Inú èèpo ló wà, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé àtàrí. Èèpo ni àwa ń pè é. Àjọ Ibòji, àwọn tó ń ṣe òfin lé wa lórí, ní orúkọ gígùn kan fún un, àmọ́ n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Abà Pákòyí rí. Ó ń dán bí awọ tí ejò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì ń mí fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ ó máa gbọ́ atẹ́gùn tó ń ṣe fẹ́ẹ́ẹ́ ní ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Dígí dúdú ló bo ojú. Láti ìgbà tí Gbádégẹṣin ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àjọ, n kò rí ojú ọmọ náà ní ọ̀sán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ojúlé kejì sí tiwa ni wọ́n bí i sí. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ó gbé ẹrù kan kalẹ̀ sẹ́bàá ìkòkò omi, ó fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

"Ti Ìbídùn ni. Ọ̀fẹ́ ni o. Àjọ fi ránṣẹ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀."

Àfín ni Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, níbi tó máa ń wà tí ọ̀sán bá ti kan, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Mo rí irun orí rẹ̀ tó ń tàn níbẹ̀ bí òwú.

"Ọ̀fẹ́," mo ní. "Tó bá wọ̀ ọ́, tó fi kọ ebè, ta ló ni ebè náà?"

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó yí ẹsẹ̀ padà. "Iṣẹ́ tí a bá fi awọ Àjọ ṣe, ti Àjọ ni. Ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà bá wà lórí rẹ̀, Àjọ àti onílẹ̀ ló jọ ni ín."

"Ní ọdún àkọ́kọ́. Tó bá di ọdún kejì ńkọ́?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ní ọdún kejì, Àjọ máa ń gba gbogbo rẹ̀. Ọláníhùn, aládùúgbò wa, ló ni ilẹ̀ tó bá tiwa pààlà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó gba èèpo. Ẹ lọ wò ó lónìí, dígí ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ máa ń wà, dígí ńláńlá tó ń jẹ oòrùn fún iná mànàmáná, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń nu dígí náà fún wọn, nínú èèpo wọn.

"Tí kò bá wọ̀ ọ́?"

"Tí kò bá wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ jáde lọ́sàn-án. Òfin ò fẹ́ kí oòrùn ọ̀sán rí awọ ara ẹnikẹ́ni níta."

"Ìgbà wo wá ni ẹyẹ rẹ máa wá ka ilẹ̀?"

"Ọ̀sán ni, Màmá. Ọ̀sán ọ̀la. Ilẹ̀ tí àwòdì kò bá bá olórúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, òfìfo ni wọ́n máa kọ sí i. Àjọ á sì gbà á."

"Kí ló dé tí wọn kì í kà á láàárọ̀?"

"Ọ̀sán ni wọ́n ń kà á, Màmá."

"Mo ti gbọ́ pé ọ̀sán ni. Mo ní kí ló dé?"

Atẹ́gùn ọrùn rẹ̀ ṣe fẹ́ẹ́ẹ́. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wọ̀ ọ́, òun kò fẹ́ wàhálà. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ẹyẹ náà tẹ̀ lé e bí ajá.

Ẹ̀yin ọmọdé òní, ó yẹ kí n sọ èyí fún yín nítorí ẹ kò bá a níbẹ̀. Ní ìgbà èwe wa, kò sẹ́ni tó ń roko lọ́sàn-án gangan. A ti máa wà lóko kí ojú tó là. Ìrì á máa rin wá lẹ́sẹ̀. Tí oòrùn bá wá gòkè, abẹ́ igi irúgbá lẹ ó ti bá gbogbo wa, à ń jẹ iṣu sísun, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, títí oòrùn á fi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí a bá rí tó ń kọ ebè lọ́sàn-án, a ó bi í pé ta ló ń bá jà. Oòrùn ìgbà náà sì kéré sí ti ìsinsìnyí. Ìgbà tí eléyìí wá di iná lórí wa ni àwọn Àjọ gbé èèpo wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò ní purọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó wọ̀ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, nítorí pé wọ́n lè ṣe é. Kò pẹ́ sí ìyẹn, ó di dandan. Wọ́n fún wa ní aṣọ tí èèyàn lè wọ̀ ṣe wèrè, wọ́n wá sọ wèrè di òfin.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé orúkọ Ìbídùn ni wọ́n fi kọ ilẹ̀ náà? Òfin wọn náà ni. Wọ́n ní arúgbó kò lè ní ilẹ̀. Ọmọ mi tó bí Ìbídùn ti kú, ó wá ku òun nìkan.

Mo ti rán etí akẹtẹ̀ náà tán kí Ìbídùn tó jáde síbi tí òjìji ilé bò dáadáa. Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹrù èèpo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá àgbà, mo máa wà lóko lọ́la."

"O kò ní lọ ibì kankan."

"N ò ní wọ nǹkan yìí. N ò sì ní jókòó sínú òkùnkùn kí wọ́n máa kọ òfìfo sórí ilẹ̀ bàbá mi."

"Ìbídùn, o mọ ohun tó pa Àjíún."

Àbúrò mi ni Àjíún, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, àfín bíi tirẹ̀. Gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló máa ń wé lọ sóko. Láràárọ̀ ni ìyá wa máa ń fi òrí pa á lára dáadáa, ó gbà pé òrí á gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Òrí dára fún ara gbígbẹ, ó dára fún ẹsẹ̀ tó là, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá oòrùn dúró. Egbò kékeré kan yọ ní ṣóńṣó etí Àjíún, kò jinná. Ó mú etí, ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tíì lọ́kọ tó fi lọ. Láti ìgbà tí mo ti gba Ìbídùn sọ́wọ́ ni mo ti ń tì í mọ́lé ní ọ̀sán, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá àgbà. Gbogbo ọdún lẹ máa ń sọ ọ́."

"Nígbà náà, wọlé. Ilẹ̀ lè lọ. Awọ ara rẹ ju ilẹ̀ lọ."

"Awọ ara mi ni mo máa fi jẹun?" Ó jókòó tì mí, ohùn rẹ̀ kò le. "Tí ilẹ̀ bá lọ, inú èèpo ni mo máa parí sí, tí mò ń nu dígí pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Ọláníhùn. Tí mo bá jáde ní gbangba, mo di Àjíún. Àwọn ló mú méjì yẹn wá, Màmá àgbà, kì í ṣe èmi. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo gbọ́dọ̀ mú?"

Ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi láyà. Mo wo akẹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Etí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà. Mo ní tí akẹtẹ̀ kan bá lè bo èèyàn kan, kí ló dé tí nǹkan tó fẹ̀ jù ú lọ kò ní bo ebè àti ẹni tó ń kọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ pe Sàlámátù. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbà. Ìyá rẹ̀ àti ìyá mi ló ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, ní ojúlé kan náà ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó ṣí wá síbí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, ó gbé ojú sókè wò mí.

"Àtíbàbà," ó ní. "Tí àwọn ọkùnrin máa gbé rìn."

"Tó máa tẹ̀ lé àwọn tó ń kọ ebè. Ibi tí wọ́n bá dé, ó dé."

"Imọ̀ ọ̀pẹ ńkọ́?"

"Oòrùn á yọ láàárín rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ rárá."

Ó mú etí ìró rẹ̀, ó nà án sí ojú ọ̀run bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín òwú. "Tí o bá rí oòrùn, oòrùn rí ọ," ó ní, ó tú u sílẹ̀. "Aṣọ ilé ẹ̀rọ ni gbogbo eléyìí. Kò sí ọ̀kan tó dáa nínú wọn. Kíjìpá nìkan ló lè ṣe é, Àwẹ̀ró. Níbo lo ti fẹ́ rí kíjìpá tó máa tó àtíbàbà? Kò sẹ́ni tó ń hun ún mọ́."

A wo ara wa. A ti jọ rántí àpótí.

Gbogbo ìyá àgbà tó wà ní abà yìí ló ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn. Kíjìpá tí ìyá wọn hun fún wọn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀lú pa títí ó fi dúdú bí ojú òru, tí wọn ò wọ̀ rí. Ó ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa fi dì wọ́n. A máa ń sá a lẹ́ẹ̀rùn, a ó tún ká a padà, a ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò sin wá lọ́jọ́ náà.

"Aṣọ òkú," Sàlámátù ní. "O fẹ́ ká fi aṣọ òkú wa ṣe àtíbàbà."

"Èmi ò tíì kú."

"Tí o bá wá kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ gbé mi lọ bẹ́ẹ̀. N ó ṣàlàyé nígbà tí mo bá dé ọ̀hún."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní ní tòun, funfun ni àwọn ààfáà máa fi sin òun bó ti wù kó rí, kíjìpá ìyá òun kàn wà níbẹ̀ nítorí òun kò lè jù ú nù ni. Ó lọ gbé tirẹ̀ wá ṣáájú tèmi.

Kí oòrùn tó wọ̀, àgbàlá mi ti kún. Àwọn ìyá mìíràn gbé tiwọn dé. Àwọn kan kọ̀, n kò bínú sí wọn. Òmíràn mú tirẹ̀ wá, ó sunkún díẹ̀ kó tó tẹ́ ẹ. A na ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú ọ̀run, a wò ó. Ibi tí kòkòrò bá ti jẹ, a lẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọkùnrin gé ọparun wá. A rán an pọ̀ bí ẹni ń rán àpò. A fi èyí tó kù rán ẹ̀wù fún Ìbídùn, tí apá rẹ̀ gùn dé orí ìka, a sì rán ìbọ̀wọ́ mọ́ ọn. Mo fi kíjìpá gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀yìn akẹtẹ̀ náà kó lè bo ọrùn àti etí. Etí ló kọ́kọ́ jẹ mí lọ́kàn.

"Àáró ni," mo sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó lọ sùn. "Lọ́la, ọwọ́ wa ti Ìbídùn ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ọwọ́ Ìbídùn tiyín ni. Àáró nìkan ni. Kò sí èèpo ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

A dé oko kí ojú tó là. Ilẹ̀ náà ṣì tutù, ó ń jẹ́ fún ọkọ́. Ìbídùn ló kọ ebè àkọ́kọ́, nítorí òun ló ni ín, a sì ń tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ tí n kò ti gbọ́ ìró ọkọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn. Èmi kò lè kọ ebè mọ́, ẹ̀yìn mi kò gbà, mo ń gbé omi kiri, mò ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Nígbà tí oòrùn gòkè tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú, gbogbo èèyàn fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ sábẹ́ igi, a jẹun. Wọ́n bi mí bóyá kí a máa lọ sílé báyìí. Mo ní rárá. Mo ní ẹ gbé àtíbàbà sókè.

Wọ́n gbé e. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì í mú ní igun, àwọn yòókù ní àárín. Nígbà tí ó nà tán, òkùnkùn tutù kan bọ́ sílẹ̀ sórí wa, mo sì gbọ́ tí Ìbídùn mí kanlẹ̀. Kò tíì dúró ní gbangba oko ní ọ̀sán rí láyé rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ibi tí òkè wà lọ́nà jíjìn réré tó ń gbọ̀n nínú ooru.

"Bó ṣe máa ń rí nìyí?" ó ní.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kọ ebè rẹ."

Bí a ti ń rìn lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi ààlà, mo rí i pé a ti ṣe àṣìṣe kan. Òkè nìkan ni a bò. Dígí àwọn Àjọ tó wà lórí ilẹ̀ Ọláníhùn ń da oòrùn padà, ìmọ́lẹ̀ náà ń gba ìsàlẹ̀ wọlé sábẹ́ àtíbàbà wa bí omi. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìbídùn. Ó fi ọwọ́ bò ó kíá, àmọ́ mo ti rí i tó pọ́n. Mo fẹ́ sọ pé ká padà.

Sàlámátù ti bọ́ síwájú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó nà án láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, ó kẹ̀yìn sí dígí náà. "Ẹ tò síbí," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ sanra, ẹ bọ́ síwájú, ọjọ́ yín lòní." Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tò, ìborùn pẹ̀lú ìborùn, títí wọ́n fi di ògiri. Ìmọ́lẹ̀ náà kú lẹ́sẹ̀ wọn. Ìbídùn tún gbé ọkọ́.

Ìgbà náà ni ẹyẹ dé. Ó fò yí àtíbàbà wa ká. Kíjìpá dúdú nìkan ló rí, kò rí awọ ara, kò rí ojú. Ó dúró lókè wa ó ń dún wùùù.

"Ènìyàn kò sí," ó ní. "Ilẹ̀ ṣófo."

Gbogbo wa gbójú sókè.

"Ó ní n kò sí," Sàlámátù ní lẹ́yìn ìborùn rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n má wulẹ̀ dáná fún mi lálẹ́."

Ẹ̀rín náà mi àtíbàbà. Ẹyẹ náà tún wí, ohùn kan náà, "Ènìyàn kò sí. Ilẹ̀ ṣófo," a sì ń rẹ́rìn-ín sí i lójú. Àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tó bá sọ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ẹ̀rín kò pa ìyẹn rẹ́.

Gbádégẹṣin wá pẹ̀lú ìkánjú, ẹ̀rọ ìkajú tí wọ́n fi ń da ojú èèyàn mọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí etí òjìji wa gan-an, ṣóńṣó bàtà rẹ̀ kò wọ inú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"À ń kọ ebè."

"Ẹ jẹ́ kí Ìbídùn jáde. Ìṣẹ́jú kan péré, màá gbójú fo òfin awọ ara. Kí ó ṣí ojú kí àwòdì rí i, ó parí, ilẹ̀ yín ni."

"Nínú oòrùn yìí? Kí ó ṣí ojú?"

"Ìṣẹ́jú kan, Màmá."

"Ìṣẹ́jú kan nísinsìnyí, ìṣẹ́jú kan lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe pa Àjíún nìyẹn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò ní jáde."

"Nígbà náà, òfìfo ni màá kọ."

"Kọ ọ́. Kí o tó kọ ọ́, ka àwọn òfìfo tó wà níwájú rẹ yìí fún mi."

Dígí dúdú náà kọ ojú sí wa, n kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn nínú òfin wọn. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ gbọ́. Ó ní ó wà. Òṣìṣẹ́ Àjọ lè fi ojú ara rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ̀rọ náà á gba ojú onílẹ̀ àti ojú ẹlẹ́rìí pọ̀. Àmọ́ kì í gba dígí.

"Wàá ṣí i nìyẹn," mo ní.

"Ọ̀sán ni, Màmá."

"Ọ̀sán ni fún àwa náà."

"Tí mo bá ṣí i, wọ́n á mọ̀. Èèpo náà ló máa sọ fún wọn."

Mo ti la ẹnu láti bú u. Mo fẹ́ rán an létí ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Ìbídùn gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì bọ́ síwájú títí ó fi dé etí òjìji, tí ó jẹ́ pé ìlà kan péré ló wà láàárín òun àti ọmọkùnrin náà. Ó sọ ọkọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dúró ṣinṣin.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé, mi ò bẹ̀ yín. Mi ò ní jáde, mi ò sì ní lọ. Ibí yìí ni mo wà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ẹ rí mi àbí ẹ ò rí mi."

Àwọn ọkùnrin tó di ọparun mú ń làágùn, apá wọn ń gbọ̀n. Ẹyẹ náà tún ní ilẹ̀ ṣófo. Atẹ́gùn ọrùn Gbádégẹṣin ń ṣe fẹ́ẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́ẹ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú òjìji, ó gbé èkejì. Ó wá ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, nǹkan kan já pọ́ọ́, dígí náà lọ sókè.

Ojú tó jáde síta jọ ti ẹni tó ti rẹ̀ gan-an. Ó ti ní irùngbọ̀n. Ìlà pupa wà níbi tí etí èèpo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti wọ̀ ọ́. Ó mí èémí kan, ó tún mí èkejì, òórùn erùpẹ̀ tutù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ló ń mí. Ìbídùn ṣí akẹtẹ̀ lábẹ́ kíjìpá, irun rẹ̀ bọ́ síta, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Gbádégẹṣin gbé ẹ̀rọ náà sáàárín wọn.

"Ìbídùn," ẹ̀rọ náà ní. "Ó wà lórí ilẹ̀. Ẹlẹ́rìí, Gbádégẹṣin. Awọ ara wà níta. Ẹ̀ṣẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ," Gbádégẹṣin ní, ó sì pa á.

Kò bo ojú rẹ̀ padà kíá. Ó ní kí n gbọ́ òun dáadáa: ilẹ̀ yìí ti bọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì ṣe òfin tuntun. Wọ́n á ní àtíbàbà kò gbọdọ̀ rìn.

"Kí wọ́n ṣe é," mo ní. "A ó tún wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Mu omi."

Ó mu ún. Ó mu púpọ̀.

Bí ó ti ń mu ún ni mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ láàárín àwọn dígí ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó ń sáré, ó fi nǹkan dídán kan bo orí. Nígbà tí ó wọ abẹ́ àtíbàbà wa, mo rí i pé Ọláníhùn ni. Èèpo rẹ̀ ló bọ́ tó fi bo orí, ó wọ ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, òógùn bò ó. Ó ju èèpo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ẹyẹ náà fò wá sókè rẹ̀, ó ń wá a, kò rí i mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. Kò wo Gbádégẹṣin. "Màmá Àwẹ̀ró, ilẹ̀ tèmi ńkọ́? Wọ́n ti kọ òfìfo sí i láti ìgbà pípẹ́."

"Ta ló wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí dígí ń tàn dé ẹsẹ̀ òkè.

"Èmi nìkan," ó ní. "Èmi ni mo wà lórí ẹ̀ lójoojúmọ́."

Ìbídùn ti dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà, ó ti fi kíjìpá bo etí. Ó na ọkọ́ kan sí i.

"Ẹ bá wa parí eléyìí ná, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Lọ́la, tiyín ni a ń lọ."